Ta Ni Ó Di Òṣùwọ̀n Mú? Ìtàn Ìwọ̀n Oúnjẹ tí a Gé tí a sì Dì

Odidi búrẹ́dì kan ni mo gbé síwájú mi lórí tábìlì yìí. Wọ́n ti gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n ti fi ọ̀rá dì í, wọ́n sì ti so ọ̀rá náà lẹ́nu. Ara ọ̀rá náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 800 gíráàmù. Èmi tí mo rà á kò wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó tà á fún mi kò wọ̀n ọ́n. Síbẹ̀, owó 800 gíráàmù ni mo san. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lónìí nìyí: ta ni ó wọ̀n ọ́n, nígbà wo ni ó wọ̀n ọ́n, kí sì ni ó fi yẹ kí á gba ẹni náà gbọ́?

Kí á tó lọ sí òkèèrè, ẹ jẹ́ kí á ti ilé bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá wa ti ń di oúnjẹ tà tipẹ́tipẹ́ kí ọ̀rá tó dé. Ẹ̀kọ inú ewé, ọ̀ọ̀lẹ̀ inú ewé, oúnjẹ tí a dì ni gbogbo wọn. Ẹ rántí bí ẹlẹ́kọ ti ń ṣe nígbà tí àgbàdo bá wọ́n. Kì í tètè fi kún owó. Iye tí ó ń ta ẹyọ kan lánàá náà ni yóò tà á lónìí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ náà yóò kéré sí i nínú ewé. Bí àgbàdo titun bá dé, ẹ̀kọ a tún tóbi. Oníbàárà kò ní òṣùwọ̀n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ní ojú, ó sì ní ọwọ́ tí ó fi ń gbé e wò. Bí ó bá rí i pé ó ti kéré jù, yóò béèrè èènì. Èènì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú lásán. Òun ni ẹlẹ́kọ fi ń tún ìwọ̀n ṣe níṣojú oníbàárà, tí ọkàn àwọn méjèèjì fi ń balẹ̀.

Irú ọgbọ́n yìí gan-an ni àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ di òfin láyé àtijọ́. Ní ìgbà Ọba Henry Kẹta, ní ọdún tí àwọn òpìtàn máa ń kà sí 1266, òfin kan jáde lórí búrẹ́dì àti ọtí. Òfin náà kò jẹ́ kí owó búrẹ́dì máa lọ sókè sódò. Búrẹ́dì onípẹ́nì kan wà, ti ìdajì pẹ́nì wà, ti ìdámẹ́rin pẹ́nì sì wà. Iye wọn dúró sójú kan. Ìwọ̀n wọn ni ó ń yí padà. Bí àlìkámà bá wọ́n lọ́jà, búrẹ́dì a fúyẹ́. Bí àlìkámà bá pọ̀, búrẹ́dì a wúwo sí i. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe olùṣe búrẹ́dì ni ó ń pinnu iye tí yóò yọ kúrò. Òfin ti to ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀: bí àlìkámà bá jẹ́ iye báyìí, búrẹ́dì gbọdọ̀ wúwo tó báyìí. Àwọn aláṣẹ ìlú a sì kéde rẹ̀ kí tẹrú tọmọ lè gbọ́.

Ìyà tí ó wà fún ẹni tí ó bá rú òfin yìí kò kéré. Ẹni tí búrẹ́dì rẹ̀ bá fúyẹ́ díẹ̀ yóò san owó ìtanràn. Ẹni tí tirẹ̀ bá fúyẹ́ kọjá ààlà, wọn yóò ki ọrùn àti ọwọ́ rẹ̀ bọ ihò pákó ní gbangba ọjà, kí gbogbo ayé lè fi í ṣẹ̀sín. A máa ń gbọ́ ọ pé ìbẹ̀rù yìí ni ó sọ àwọn olùṣe búrẹ́dì di ẹni tí ń fún àwọn alágbàtà ní ìṣù mẹ́tàlá fún owó méjìlá. Èènì tiwọn nìyẹn. Kò sì yani lẹ́nu, nítorí olóòótọ́ pàápàá lè ṣèèṣì. Omi inú ìyẹ̀fun pípò ń gbẹ lọ nínú ààrò, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ní pàtó iye tí iná yóò mú lọ lára ìṣù kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ó ṣe, òfin àtijọ́ yìí kógbá sílé. Ní 1822, òfin titun jáde fún Lọ́ńdọ̀nù, òmíràn sì jáde ní 1836 fún àwọn agbègbè tí ó kù, pé ìwọ̀n ni kí wọ́n máa fi ta búrẹ́dì. Òṣùwọ̀n gbọdọ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí ó bá ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé búrẹ́dì kiri gbọdọ̀ gbé òṣùwọ̀n dání. Bí ìṣù bá fúyẹ́, òǹtajà a gé ègé kan láti ara búrẹ́dì mìíràn, a sì fi lé e títí tí ìwọ̀n yóò fi pé. Ẹ kíyè sí i pé láti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́kọ wa títí dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì wọn, ohun kan kò yí padà: iwájú ẹni tí ó ń ra oúnjẹ ni ìwọ̀n ti ń ṣẹlẹ̀.

Ohun tí ó wá yí ọ̀rọ̀ náà padà ni ọ̀bẹ àti ìwé ìdì. Ní 1898, alápatà kan ní ìlú Rotterdam, ní ilẹ̀ Họ́láńdì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Wilhelm van Berkel, ṣe ẹ̀rọ kan tí ó ń fi abẹ roboto gé ẹran ní ègé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n dọ́gba. Ní ìgbà yẹn, òǹrajà ṣì dúró ní ìdí káńtà, ó ń wo ègé bí ó ti ń bọ́ sílẹ̀, òṣùwọ̀n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ alápatà náà lẹ́yìn ògiri. Ní 1924, ilé-iṣẹ́ Oscar Mayer ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ tí wọ́n ti gé tí wọ́n sì ti dì sílẹ̀. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan láti 1913 pé kí ìwọ̀n ohun tí ó wà nínú ìdì oúnjẹ hàn ketekete lára rẹ̀. Àkọlé wá gba ipò òṣùwọ̀n.

Ní ti búrẹ́dì, Otto Rohwedder ni orúkọ tí ìtàn kò gbàgbé. Oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́ wúrà ni tẹ́lẹ̀. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ronú ẹ̀rọ tí yóò gé odidi búrẹ́dì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní 1917, iná jó ẹ̀rọ àkọ́ṣe rẹ̀ àti àwọn àwòrán iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jáwọ́. Ní ọjọ́ keje oṣù keje 1928, ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní ìlú Chillicothe, ní ìpínlẹ̀ Missouri, fi ẹ̀rọ rẹ̀ gé búrẹ́dì tà fún ìgbà àkọ́kọ́. Búrẹ́dì tí a ti gé kò lè wà láìdì, nítorí afẹ́fẹ́ ń tètè gbẹ ẹ́. Èyí ni ìjọba Amẹ́ríkà rí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí wọ́n fi fòfin de gígé búrẹ́dì ní ilé-iṣẹ́ ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kìn-ín-ní 1943: wọ́n ní ó ń jẹ ìwé ìdì tí ó nípọn ju ti odidi búrẹ́dì lọ. Igbe àwọn ìyàwó ilé pọ̀ débi pé ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta ọdún náà ni wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin ọ̀hún. Láti ìgbà náà, ègé àti ìdì ti di ọkọ àti aya.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti so ọ̀rá lẹ́nu, èènì ti tán. Òǹtajà kò lè tú u láti fi ègé kan kún un. Bí ìwọ̀n yóò bá pé, ilé-iṣẹ́ ni ó gbọdọ̀ ti pé.

Ẹ jẹ́ kí á wọ inú ilé-iṣẹ́ náà lọ wàyí. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí rí lè rò pé ẹ̀rọ kò lè ṣe ju kí ó máa mú ohun tí ó dọ́gba jáde lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì, ibi tí wọ́n ti ń pín ìyẹ̀fun pípò ni ìwọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀bẹ bá fi máa kan búrẹ́dì, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ẹ̀rọ tí ó ń pín ìyẹ̀fun kì í sábà fi òṣùwọ̀n pín in. Ihò kan ni ó wà nínú rẹ̀; ìyẹ̀fun a kún inú ihò náà, abẹ a sì gé e kúrò. Kóńgò ni, ẹ̀yin ará mi, kì í ṣe òṣùwọ̀n. Gbogbo wa ni a sì mọ̀ pé kóńgò gàrí tí ó gba omi sára àti kóńgò gàrí gbígbẹ kò lè wúwo bákan náà. Ìwúkàrà inú ìyẹ̀fun kì í sùn: bí ó ti ń pẹ́ sí i ni afẹ́fẹ́ ń kún inú rẹ̀. Ìṣù tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ pín àti èyí tí ó pín lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ lè tóbi bákan náà, síbẹ̀ kí èkejì fúyẹ́. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ kan fi gbọdọ̀ máa gbé ìṣù díẹ̀ lórí òṣùwọ̀n lóòrèkóòrè, kí ó sì máa tún ẹ̀rọ náà ṣe.

Iná ààrò tún wà níwájú. Nínú ààrò àti nígbà tí búrẹ́dì bá ń tutù, nǹkan bí ìdá mẹ́wàá sí mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ìyẹ̀fun pípò ni ó ń bá omi lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ 800 gíráàmù yóò pín ìṣù tí ó lé ní 900. Bí iná bá mú ju ti àná lọ, tàbí tí búrẹ́dì bá pẹ́ jù nínú ààrò, ìṣirò náà a yẹ̀.

Ti ẹran àti wàràkàṣì yàtọ̀. Níbẹ̀, ọ̀bẹ fúnra rẹ̀ ni ó ń pín ìwọ̀n. Itan ẹlẹ́dẹ̀ kò dọ́gba bí ọ̀pá. Ó sanra lápá kan, ó tín-ín-rín lápá kejì. Wàràkàṣì mìíràn sì ní ihò nínú. Bí ègé gbogbo bá nípọn bákan náà, ti àárín yóò wúwo ju ti ìpẹ̀kun lọ. Bí a bá wá fẹ́ kí ìdì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 200 gíráàmù, ọ̀bẹ gbọdọ̀ gé e nípọn níbi tí ẹran bá ti tín-ín-rín, kí ó sì gé e fẹ́lẹ́ níbi tí ó bá ti sanra. Láyé ìgbà kan, ojú àti ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni ó ń ṣe èyí: a gbé ègé lórí òṣùwọ̀n, a yọ ọ̀kan, a fi òmíràn rọ́pò. Lóde òní, ẹ̀rọ ń fi ìmọ́lẹ̀ lésà tàbí X-ray wo ẹran náà láti orí dé ìdí kí ọ̀bẹ tó kàn án, kọ̀ǹpútà a sì ṣírò bí ègé kọ̀ọ̀kan yóò ti nípọn tó. Lẹ́yìn èyí ni ìdì yóò kọjá lórí òṣùwọ̀n tí ń wọn ẹrù bí ó ti ń lọ, èyí tí kò bá pé a sì yà á sọ́tọ̀.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣàkóso gbogbo èyí ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù karùn-ún 1924, ọdún kan náà tí ẹran gígé tí a dì jáde, Walter Shewhart, onímọ̀ kan ní ilé-iṣẹ́ Western Electric ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé kúkúrú kan sí ọ̀gá rẹ̀, ó sì ya àwòrán kan sí i. Iṣẹ́ tẹlifóònù ni tiwọn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà padà dé ilé-iṣẹ́ oúnjẹ. Ìlà kan wà láàrín àwòrán náà, ìlà kan wà lókè, òmíràn sì wà nísàlẹ̀. Ìwọ̀n tí òṣìṣẹ́ bá rí ni yóò fi àmì rẹ̀ síbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn àmì náà bá ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàrín ìlà òkè àti ti ìsàlẹ̀, tí wọn kò sì tẹ̀ sí apá kan, kí òṣìṣẹ́ fi ẹ̀rọ sílẹ̀; bí ó bá ń fọwọ́ kàn án nígbà gbogbo, ńṣe ni yóò bà á jẹ́ sí i. Bí àmì kan bá fo ìlà, nígbà náà ni kí ó dúró, kí ó wá ohun tí ó ṣẹlẹ̀: bóyá ọ̀bẹ ti kú, bóyá ìyẹ̀fun ti wú jù.

Kí ni ó dé tí a fi ń da ara wa láàmú nítorí gíráàmù díẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé ilé-iṣẹ́ kan ń ṣe 10,000 búrẹ́dì lóòjọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fi gíráàmù 8 péré ju 800 lọ. 80 kílò ni ilé-iṣẹ́ náà fi tọrẹ lọ́jọ́ náà, èyí tí í ṣe 100 odidi búrẹ́dì. Ẹ wá yí i padà: ká sọ pé ó fi gíráàmù 8 dín. Ègé kan ṣoṣo lè wúwo tó ìlọ́po mẹ́rin gíráàmù 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kò sí ìyàwó ilé tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n 100 búrẹ́dì ti sọnù lọ́wọ́ àwọn ará ìlú lọ́jọ́ kan. Kò sí ẹni tí ó lè ké gbàjarè, nítorí ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ju òkèlè kan lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Nítorí náà ni òfin ṣe tún tẹ̀ lé ìwọ̀n wọ ilé-iṣẹ́. Ní 1976, Ẹgbẹ́ Ọrọ̀-Ajé ilẹ̀ Yúróòpù gbé ìlànà kan jáde lórí oúnjẹ tí a dì sílẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di òfin ní 1979, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1980. Ohun mẹ́ta ni ìlànà náà béèrè. Èkínní, bí a bá da ìwọ̀n gbogbo ìdì pọ̀ tí a sì pín in dọ́gba, kò gbọdọ̀ dín sí iye tí ó wà lára àkọlé. Èkejì, ìdì tí ó bá fúyẹ́ kọjá ìwọ̀n àforíjì kò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan nínú ogójì lọ; fún ìdì 800 gíráàmù, àforíjì náà jẹ́ gíráàmù 15, a jẹ́ pé 785 ni ààlà. Ẹ̀kẹta, kò gbọdọ̀ sí èyí tí yóò fi ìlọ́po méjì àforíjì náà dín, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ sí èyí tí kò tó 770.

Mo mọ̀ pé alága wa yóò fẹ́ bi mí pé: ìpín-dọ́gba ha lè yó ẹni tí ìdì tirẹ̀ kò pé bí? Ìbéèrè rere ni. Ẹni tí ó ra 786 kò lè jẹ gíráàmù tí ó lé lára búrẹ́dì aládùúgbò rẹ̀. Èsì tí mo ní ni pé ẹni tí ó ń ra búrẹ́dì lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ yóò rí èyí tí ó lé àti èyí tí ó dín, bí ilé-iṣẹ́ bá jẹ́ olóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́. Ìpín-dọ́gba kò ṣeé fi ojú rí lórí àtẹ. Inú ìwé àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ ni ó wà. Ibi tí olùbẹ̀wò ìjọba kò bá ti lè wọ inú ilé-iṣẹ́ kí ó ṣí ìwé náà wò, kí ó sì fi òṣùwọ̀n tirẹ̀ dán an wò, àforíjì yóò di ìwé àṣẹ fún ìrẹ́jẹ.

Èyí ni ó mú mi padà wálé. Búrẹ́dì kì í ṣe àlejò láàrín wa mọ́. Amos Shackleford, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà tí ó dé sí Nàìjíríà ní 1913 láti ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè, ni ó sọ iṣẹ́ búrẹ́dì di iṣẹ́ ńlá ní Èkó láti àwọn ọdún 1920, débi tí wọ́n fi ń pè é ní ọba búrẹ́dì. A dá àjọ tí ń mójú tó ìwọ̀n àti ìjójúlówó ọjà sílẹ̀ ní 1971. Òfin òṣùwọ̀n wa sì jáde ní 1974, èyí tí ó fi gíráàmù àti kílò rọ́pò òṣùwọ̀n àtijọ́. Ní 1987, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó àlìkámà wọlé, títí di 1992. Ẹni tí ó bá dàgbà tó yóò rántí bí búrẹ́dì ti wọ́n tó, àti bí èyí tí a rí rà ti ń kéré sí i. Láti ìgbà náà, nígbàkúùgbà tí ìyẹ̀fun bá gbówó lórí, búrẹ́dì wa ń ṣe ohun tí ẹ̀kọ inú ewé máa ń ṣe.

Èmi kò bá olùṣe búrẹ́dì jà nítorí pé búrẹ́dì rẹ̀ kéré sí i. Owó ìyẹ̀fun kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1946, nígbà tí ọ̀wọ́n àlìkámà bá ayé jà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dín búrẹ́dì ńlá kù láti ìwọ̀n pọ́n-ùn méjì sí pọ́n-ùn kan àti ìdámẹ́rin mẹ́ta, wọn kò sì dín owó rẹ̀ kù. Àwọn ènìyàn ráhùn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n. Ní 1266 náà, búrẹ́dì ń kéré, ṣùgbọ́n kíkéde ni wọ́n ń kéde rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo rí ni kí búrẹ́dì kéré kí ọ̀rá rẹ̀ má sì kéré; kí àkọlé máa sọ ti èṣí; tàbí kí ọ̀rá wà láìsí àkọlé ìwọ̀n kankan. Ẹlẹ́kọ tí ó dín ẹ̀kọ rẹ̀ kù kò purọ́, nítorí ewé rẹ̀ kéré pẹ̀lú rẹ̀, ọwọ́ wa sì mọ̀ ọ́n.

Èsì ìbéèrè mi rèé. Nígbà tí ọ̀bẹ àti ọ̀rá mú òṣùwọ̀n kúrò níwájú òǹrajà, ọwọ́ mẹ́ta ni ó gbọdọ̀ jọ dì í mú: òṣìṣẹ́ tí ń wọn ìṣù lóòrèkóòrè tí ó sì ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, olùbẹ̀wò tí ń ṣí ìwé náà wò láìsọ tẹ́lẹ̀, àti àwa tí a ń jẹ ẹ́. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n nílé, ẹ gbé búrẹ́dì yín lé e. Ẹ má fi ẹyọ kan ṣèdájọ́. Ẹ wọn ti ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ wọn ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń dín, ẹ mú ìwé yín dání, kí ẹ sì lọ bi olùtajà léèrè.

Alága wa, mo gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ níbí, kí àwọn ẹgbẹ́ mi lè fi tiwọn kún un.